Àbẹ̀wò sí Ibi Ìwakùsà Èédú Tí Wọ́n Ti Tì: Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Wo Omi

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ péjọ síbí, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fi àyè gbà mí láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí kì í sábà jẹ́ àkòrí ọ̀rọ̀ láàárín wa. Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ilẹ̀ èédú. Síbẹ̀, èédú tí wọ́n wa jáde lábẹ́ òkè Udi, ní ẹ̀bá Enugu, ni ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ìjọ́rà fi ń tan iná fún Èkó nígbà kan, òun náà sì ni ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ wa ń jẹ kí wọ́n tó yí padà sí epo dísẹ̀lì. A ti jẹ nínú àǹfààní àwọn ihò wọ̀nyẹn, nítorí náà ohun tí ó ṣẹ́ kù síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì fún wa.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti wa èédú abẹ́ ilẹ̀ tán, tí ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, tí ó dí ẹnu ihò, tí ó tẹ́ ilẹ̀, tí ó sì gbin koríko sórí rẹ̀, báwo ni ẹni tí ìjọba rán wá wò ó yóò ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti parí lóòótọ́? Àwọn àgbà inú wa yóò rántí wolé-wolé. Bí wolé-wolé bá wọ agbo ilé, àgbàlá tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní kì í tó o láti gbà gbọ́. Ìdí àmù ni í kọjá sí, á ṣí ọmọrí rẹ̀, á sì bojú wo inú omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Èrò tèmi, tí màá fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí gbè lẹ́sẹ̀, ni pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí alábẹ̀wò ibi ìwakùsà ṣe. Koríko ni àgbàlá tí wọ́n gbá. Omi tí ó ń jáde lábẹ́ òkè ni àmù.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ náà. Àwọn tí ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ máa ń gbẹ́ ọ̀nà gbọọrọ-gbọọrọ wọ inú òkè, wọ́n sì máa ń fi apá kan èédú náà sílẹ̀ bí òpó kí òkè má baà wó lé wọn lórí. Ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ̀rọ á máa fa omi jáde lọ́sàn-án àti lóru, nítorí pé omi kì í dẹ́kun àti máa wọ irú ihò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ga sókè díẹ̀díẹ̀, láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó sì lè gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kún dé ibi tí yóò ti rí ọ̀nà jáde. Nínú èédú àti nínú òkúta tí ó yí i ká, ohun kan wà tí ó ń dán bíi wúrà, irin àti imí ọjọ́ ni ó para pọ̀ dì í. Pyrite ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ni ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ àti omi bá ti jọ kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò, á sọ omi di kíkan bí ásíìdì, á sì tú irin sínú rẹ̀.

Ohun tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ ni pé omi yìí lè mọ́ gaara nígbà tí ó bá kọ́kọ́ yọ. Ìgbà tí ó bá pàdé afẹ́fẹ́ ìta ni irin inú rẹ̀ tó ń di ìpẹtà, tí á sì rò sí ìsàlẹ̀ odò ní àwọ̀ bí èèpo ọsàn tó pọ́n, tí yóò bo gbogbo òkúta ibẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi amọ̀ rẹ́ ògiri. Àwọn awakùsà ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, fún ẹrẹ̀ yìí ní orúkọ ìnagijẹ, yellow boy ni wọ́n ń pè é. Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ẹja ń jẹ, abẹ́ òkúta odò ni wọ́n ń gbé. Bí ẹrẹ̀ náà bá ti bo ilé wọn, ẹja náà kò ní oúnjẹ mọ́, àní kí ó tó di pé ásíìdì fúnra rẹ̀ pa á.

Nínú àwọn òfin tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí ó la ojúṣe alábẹ̀wò sílẹ̀ kedere jù lọ ni ti Amẹ́ríkà, èyí tí Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 1977. Orúkọ rẹ̀, Surface Mining Control and Reclamation Act, lè mú kí ènìyàn rò pé ìwakùsà orí ilẹ̀ nìkan ni ó kàn. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ìwakùsà abẹ́ ilẹ̀ bá ṣe sí ojú ilẹ̀ wà lábẹ́ òfin yìí pẹ̀lú. Ó pàṣẹ pé kí alábẹ̀wò máa dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ìpíndọ́gba, kí ó sì ṣe àbẹ̀wò kíkún lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, láì fi tó ilé-iṣẹ́ náà létí ṣáájú. Bí ará ìlú kan bá fẹjọ́ sùn, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì mú kí àbẹ̀wò wáyé, ó ní ẹ̀tọ́ láti bá alábẹ̀wò wọlé. Mo fẹ́ràn apá òfin yìí púpọ̀, nítorí àgbẹ̀ tí odò gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá mọ ọjọ́ tí àwọ̀ omi yí padà ju ìwé àkọsílẹ̀ èyíkéyìí lọ.

Ikú ni ó wà lẹ́yìn òfin yìí. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejì, ọdún 1972, ní Buffalo Creek, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ìdènà omi tí wọ́n fi ìdọ̀tí èédú mọ já ní òwúrọ̀, omi dúdú sì gbá àwọn ìletò tí ó wà nísàlẹ̀ lọ. Ènìyàn 125 ni ó kú. Ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú ìgbà náà ni alábẹ̀wò ìjọba àpapọ̀ kan ti wo ìdènà yìí, tí ó sì sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ọdún mẹ́fà ṣáájú, ní Aberfan, ní ilẹ̀ Wales, òkìtì ìdọ̀tí èédú tí wọ́n kó lé orísun omi lórí ya lulẹ̀ láti orí òkè, ó sì bo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan mọ́lẹ̀. Ènìyàn 144 ni ó kú, ọmọdé sì ni 116 nínú wọn. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ṣì ń lọ ní ibi méjèèjì, wọn kò tíì tì wọ́n. Ṣùgbọ́n òkìtì ìdọ̀tí kì í mọ̀ bóyá ẹni tí ó kó o jọ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ó ti lọ sílé. Ibi tí omi gbà wọ ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Mo máa ń rò nípa alábẹ̀wò Buffalo Creek yẹn nígbà gbogbo. Kì í ṣe pé kò lọ. Ó lọ, ó sì rí ìdènà náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Nítorí náà, lílọ nìkan kò tó. Ohun tí ènìyàn mọ̀ pé òun ń wá ni ó lè rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá bá alábẹ̀wò kan rìn, ká ní ó lọ sí ọ̀kan nínú àwọn àfonífojì tóóró-tóóró ní agbègbè Carbon àti Emery, ní ìpínlẹ̀ Utah, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú láti ara òkè wọlé. Ẹnu ihò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé yóò kọ́kọ́ yà sí, ó sì ṣe pàtàkì lóòótọ́. Òfin ààbò awakùsà ní Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n fi bíríkì tàbí búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ihò tí ó lọ tààrà wọ inú òkè, tàbí kí wọ́n fi ohun tí kò lè jóná kún un wọlé tó ẹsẹ̀ bàtà 25. Kànga tí ó lọ sísàlẹ̀ gbọọrọ gbọ́dọ̀ kún pátápátá, tàbí kí wọ́n da kọnkéré tí ó nípọn tó ínṣì 6 bò ó lójú, kí páìpù tí ó fẹ̀ tó ínṣì 2 sì yọ jáde láti inú rẹ̀, kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15. Ohun tí páìpù yìí wà fún ni gáàsì methane, gáàsì tí ó lè gbiná, tí èédú ń tú jáde. Bí kò bá rí ibi gbà jáde, á gba ibi tí a kò rò, ó sì lè jẹ́ abẹ́ ilé ẹnìkan. Alábẹ̀wò á wo páìpù náà bóyá ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n ti dí i. Á wo ilẹ̀ tí ó yí kọnkéré ká bóyá ó ti ń rì. Níbi tí ó bá jẹ́ pé omi gbọ́dọ̀ máa jáde, páìpù mìíràn á wà nísàlẹ̀ ìdènà náà, wọn á tẹ̀ ẹ́ bí èyí tí ó wà lábẹ́ ibi ìfọwọ́, kí omi lè rí ọ̀nà jáde kí afẹ́fẹ́ má sì rí ọ̀nà wọlé. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, nítorí ẹ ti gbọ́ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún òkúta tí ń dán yẹn.

Máàpù ni ohun kejì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti ìwakùsà pátápátá, òfin ní kí ó fi máàpù ìkẹyìn ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín ọjọ́ 60, kí ó fi gbogbo ibi tí wọ́n gbẹ́ dé hàn. Bébà lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Ní oṣù Keje, ọdún 2002, ní Quecreek, ní Pennsylvania, àwọn awakùsà ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àtijọ́ kan tí wọ́n ti pa tì, tí omi ti kún inú rẹ̀. Máàpù tí ó wà lọ́wọ́ wọn fi hàn pé ihò náà ṣì jìnnà sí wọn gan-an, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀dà ìkẹyìn. Wọ́n gbẹ́ ògiri lu, omi tí ó lé ní mílíọ̀nù 50 gálọ́ọ̀nù sì ya lù wọ́n. Mẹ́sàn-án nínú wọn há sí abẹ́ ilẹ̀, ó jìn tó 240 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì lé ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbẹ́ ihò kan dé ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n fi fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn yè. Ní tèmi, mo ka alábẹ̀wò tí ó kọ̀ láti gba máàpù tí kò pé sí ẹni tí ó gba ẹ̀mí là, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní mọ orúkọ àwọn tí ó gbà.

Lẹ́yìn èyí ni ó máa wá rìn lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú àfonífojì tóóró, àyè kì í sí fún ilé ẹ̀rọ àti ibi ìgbé-èédú-sí àyàfi tí wọ́n bá fi páìpù ńlá bo odò, kí wọ́n sì kó erùpẹ̀ lé e lórí. Nígbà ìmúbọ̀sípò, wọ́n gbọ́dọ̀ hú páìpù náà, kí wọ́n dá odò padà sí ojú ọ̀nà rẹ̀, kí wọ́n to òkúta sí i létí, kí wọ́n sì mú ìrísí òkè padà sún mọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Erùpẹ̀ orí ilẹ̀ tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọn yóò tẹ́ padà sí orí rẹ̀. Alábẹ̀wò á wo bóyá ọ̀gbàrá ti ń ya ilẹ̀ náà, bóyá koríko tí ó hù jọ ti ilẹ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn rí nítòsí ibẹ̀, bóyá adágún tí ẹrẹ̀ ti ń rò ti kún ju bí ó ti yẹ lọ. N kò ní pẹ́ níbí yìí, nítorí ohun tí ojú rí ni, ẹni tí ó bá ní sùúrù lè kọ́ ọ.

Omi ni mo fẹ́ padà sí. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí àbẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi ti ń kúrò nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sínú odò gbogbo ayé, kí a tó gòkè lọ sí ẹnu ihò. Alábẹ̀wò máa ń gba omi sínú ìgò, á wọn bí ó ti kan tó. Ìlànà Amẹ́ríkà sọ pé kí pH rẹ̀, nọ́ńbà tí ó máa ń kéré sí i bí omi bá ti ń kan sí i, má kéré sí 6, kí ó má sì ju 9 lọ. Fún ìwakùsà tí omi rẹ̀ ní ásíìdì, ìlànà tí ó wà fún irin ni pé kí ó má ju mílígíráàmù 7 nínú lítà kan lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ìpíndọ́gba rẹ̀ fún ọjọ́ 30 má sì ju 3.5 lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọjọ́ kan kì í sọ ìtàn tán. Omi tí ó bá dára lóde òní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè yàtọ̀ nígbà tí yìnyín orí òkè bá yọ́. Omi tí kò tilẹ̀ jáde rárá ní ọdún yìí lè jẹ́ omi tí ó ṣì ń kún nínú òkùnkùn. Nítorí náà alábẹ̀wò tí ó mọṣẹ́ á bèèrè ìwé àkọsílẹ̀ àwọn kànga tí wọ́n gbẹ́ láti máa wọn gíga omi, á wo bí omi inú ihò ti ga tó ní ọdún tó kọjá àti bí ó ti ga tó báyìí, á sì ṣírò ibi tí yóò ti yọ àti ìgbà tí yóò yọ. Níbi tí àkọsílẹ̀ bá ti sọ pé omi ṣì ń ga, kò sí ẹni tí ó lè fi ọkàn kan sọ pé iṣẹ́ ti parí.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Kí ilé-iṣẹ́ tó fi ẹ̀rọ kan ilẹ̀, òfin 1977 ní kí ó kọ́kọ́ fi owó dógò lọ́dọ̀ ìjọba, èyí tí yóò tó láti tún ilẹ̀ náà ṣe bí ilé-iṣẹ́ náà bá sá lọ tàbí tí ó bá wọ gbèsè. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá owó ìdógò yìí padà. Bí wọ́n bá ti tẹ́ ilẹ̀ padà, tí wọ́n sì ṣètò ọ̀nà omi, ó lè gba ìdá 60 nínú 100. Bí koríko bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ẹrẹ̀ kò sì ṣàn lọ sínú odò mọ́, á tún gba díẹ̀ sí i. Ìyókù á dúró di ìgbà tí ọdún 5 bá pé lẹ́yìn gbíngbìn ìkẹyìn, tàbí ọdún 10 ní ibi gbígbẹ bíi Utah, níbi tí òjò ọdún kan kò ju ínṣì 26 lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn agbègbè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn lè wí.

Níbi yìí ni mo ti rí àléébù tí ó ń dùn mí. Ọdún 5 àti ọdún 10 yẹn, ìgbà tí koríko nílò ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ihò abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ìṣirò koríko. Ìwakùsà Crandall Canyon ní Utah, níbi tí awakùsà mẹ́fà há sí ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2007, tí mẹ́ta nínú àwọn tí ó ń gbìyànjú láti yọ wọ́n sì kú, ni àpẹẹrẹ rẹ̀: lẹ́yìn tí wọ́n dí ẹnu rẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde fúnra rẹ̀, irin inú omi náà sì pọ̀ débi pé wọ́n ní láti kọ́ ibi ìwẹ omi sí ẹnu rẹ̀ kí ó tó bọ́ sínú odò. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ti gbà pé omi mìíràn wà tí a ó máa wẹ̀ títí ayé, wọ́n sì ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó ni irú rẹ̀ dá àpò owó kan sílẹ̀, tí èrè orí rẹ̀ yóò máa san owó ẹfun tí wọ́n fi ń pa kíkan omi àti owó òṣìṣẹ́ nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kò bá sí láyé mọ́. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ibi ṣe é: kí owó ìdógò tẹ̀lé omi, kí híhù koríko nìkan má sì tó láti dá a padà.

Ti ibi tí wọ́n ti pa tì kí òfin tó dé ńkọ́? Amẹ́ríkà fi owó orí lé èédú tuntun kí wọ́n lè fi tún ihò àtijọ́ ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀, sẹ́ǹtì 15 ni lórí tọ́ọ̀nù kan èédú abẹ́ ilẹ̀, sẹ́ǹtì 35 sì ni ti orí ilẹ̀. Ní ọdún 2021, ilé aṣòfin wọn tún fi dọ́là bílíọ̀nù 11.3 kún un. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò tán.

Èyí ni ó gbé wa dé Enugu. Ní ọdún 1909 ni àwọn aṣàyẹ̀wò ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá rí èédú ní Udi, ní 1915 sì ni wọ́n ṣí ihò àkọ́kọ́. Ìlú fúnra rẹ̀, ìdí èédú ni ó fi dìde. A kò gbọdọ̀ dárúkọ Iva Valley, ọ̀kan nínú àwọn ibi ìwakùsà ibẹ̀, láì rántí ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1949, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 tí ó ń béèrè owó iṣẹ́ wọn. Nígbà tí epo rọ̀bì gba ipò èédú, àwọn ihò náà dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: Iva, Okpara, Onyeama. Kò sí owó ìdógò kankan tí ẹnikẹ́ni gbà ní 1915, nítorí náà kò sí èyí tí a lè fi tún ilẹ̀ ṣe lónìí. Omi kíkan tí ó ní irin sì ń ti inú ihò Onyeama ṣàn lọ sínú odò Ekulu, odò tí ó gba àárín ìlú kọjá.

Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 ti mú àyípadà wá lórí ìwé. Ó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó àyíká ibi ìwakùsà, ó sì ní kí ẹni tí ó bá gba ìwé àṣẹ dá owó sínú àpò ìmúbọ̀sípò ilẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tí yóò wọ iṣẹ́ yìí ni pé kí ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọn yóò tún ṣí ihò tuntun. Ẹ lọ sí ẹsẹ̀ òkè Udi nísinsìnyí. Ẹ wá gbogbo ibi tí omi ti ń yọ, ẹ fi òpó sí ibẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Ẹ gba omi ibẹ̀ ní oṣù Kejì nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, ẹ tún gbà á ní oṣù Kẹsàn-án nígbà tí òjò pọ̀. Ẹ wọn pH rẹ̀, ẹ wọn irin inú rẹ̀, ẹ wọn iye tí ó ń ṣàn ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá máàpù àtijọ́ ti Nigerian Coal Corporation, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń wa èédú náà nígbà kan, ẹ tẹ́ ẹ lé orí máàpù àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ sí ibẹ̀ báyìí, kí ẹ sì lọ sọ ohun tí ẹ rí fún àwọn tí ó ń gbé inú ilé náà.